Ìbọn Onígi Níwájú Ìyá Aláṣọ

Mo rántí ìgbà tí wọ́n fún mi ní ìbọn onígi kan ní yunifásítì tí mò ń lọ ní Abidjan, tí inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ẹ̀ka èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà. Olùkọ́ wa, ọmọ Côte d'Ivoire tó ti kàwé dé Lọ́ńdọ̀nù, fi odidi ọdún kan kọ́ wa ní eré orí ìtàgé tí àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì òde òní ń kọ nípa ogun. Ohun tó máa ń tẹnu mọ́ ni pé àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí kì í fi ìwà ipá dá èèyàn lára yá. Ńṣe ni wọ́n ń gbé e síwájú ẹni tó ń wòran, kó lè bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni mò ń wò yìí, tí mo sì jókòó?" Mo há ọ̀rọ̀ yẹn sórí, mo sì ń fi í halẹ̀ mọ́ àwọn tí kò tíì kàwé tó mi. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ lọ́rùn mi nígbà yẹn.

Olùkọ́ wa fúnra rẹ̀ kọ eré kan ní ìlànà àwọn òǹkọ̀wé náà. Nínú rẹ̀, ọmọ ogun kan mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìlú àjèjì, kò sì dá a lójú bóyá ọ̀tá ni. Ó ń ṣàlàyé lọ rẹpẹtẹ, ìdí tó fi tọ́ kí òun pa á àti ìdí tí kò fi tọ́, lẹ́yìn náà ó yìnbọn. Èmi ni ọmọ ogun náà. Ọmọ kíláàsì mi kan, ọmọ ẹ̀yà Baoulé tẹ́ẹ́rẹ́, ni ẹni tí mo mú. Olùkọ́ ti sọ pé tí mo bá ṣe é dáadáa, òun á fi mí ṣe olùrànlọ́wọ́ òun lọ́dún tó ń bọ̀. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn bí ojú.

Anoumabo, àdúgbò kan ní Abidjan, là ń gbé. Ìgbòho ni àwọn òbí mi ti wá, ìyá mi sì ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aláṣọ. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Òun ló wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Nígbà tí ìjà ìbò dé, tí àwọn ọmọkùnrin fi táyà àti tábìlì dí ojú pópó, wọ́n dá ọmọ náà dúró ní ìkóríta iwájú ilé wa, wọ́n ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wá, wọ́n sì mú un lọ. Kò padà. Mo ṣì kéré nígbà náà. Àwọn aládùúgbò ń sọ fún un pé, "Yako, Ìyá," bí wọ́n ṣe ń báni kẹ́dùn níbí, òun náà á sì ní, "Ẹ ṣeun, ó tó."

Èmi ni mo pè wọ́n wá wo eré náà, òun àti ìyá mi, torí mo fẹ́ kí wọ́n rí mi. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ohun tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n, wọ́n ti rí i láti ojú fèrèsé ara wọn.

Ọ̀sán ni. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn méjèèjì jókòó lẹ́yìn pátápátá, kò sì sí èyí tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn. Mo na ìbọn sí ọmọ Baoulé tó wà lórí eékún, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi. Láìpẹ́, mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sún àga. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló wọ̀ wọ́n lára. Àṣé Ìyá Aláṣọ ló ti dìde, tó ń bọ̀. Ká ní ọ̀rọ̀ ọmọ ogun náà kúrú ni, kò ní bá a. Àmọ́ irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ púpọ̀ kó tó yìnbọn, ìyá àgbà náà sì fara balẹ̀ rìn.

Ó gun orí ìtàgé, ó kúnlẹ̀ sáàárín ìbọn àti ọmọ náà.

"Pardon, mọ́sìọ̀," ló wí. "Ẹ dákun, ẹ fi ọmọ yìí fún mi. Ọmọ ẹnì kan ni."

Ẹni tó wẹ̀ mí ní ìkókó ló ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Olùkọ́ ń ju ọwọ́ sí mi láti ẹ̀gbẹ́ kan pé kí n máa bá a lọ, bóyá ó rò pé mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀. Mi ò gbàgbé ẹyọ kan. Mi ò gbàgbé iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lórí eékún kí ọmọ wà lórí ìdúró. Mo ju ìbọn sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Ó fi ọwọ́ kan orí mi. "Dìde, ìwọ ọmọ yìí." Ó fa ọmọ Baoulé náà lọ́wọ́, wọ́n sọ̀kalẹ̀, ó sì fi í jókòó sáàárín òun àti ìyá mi. Eré parí síbẹ̀, nítorí ẹni tí a fẹ́ pa ti lọ.

"Tu as tout gâté!" ni olùkọ́ fi pàdé mi. Ó ní mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, pé ṣe ló yẹ kí òǹwòran gbé ìrora náà délé. Mo ní, "Monsieur, ẹ̀yin lẹ ní ká bi ara wa pé kí là ń wò, tí a sì jókòó." Ó ní eré ni òun ń sọ. Ẹlòmíràn ló gba iṣẹ́ náà. Ó dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́.

Èmi náà ti di olùkọ́ báyìí, ní Songon tí kò jìnnà sí Abidjan, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní irú eré bẹ́ẹ̀. Ìyá Aláṣọ ti di ẹni ilẹ̀. Mi ò sọ fún àwọn ọmọ pé ìkúnlẹ̀ lè dá ogun dúró, torí mi ò mọ̀. Àdúgbò wa ni àwọn kan nínú àwọn ọmọkùnrin ìkóríta yẹn ti wá, ó sì ti ta aṣọ fún ìyá wọn. Bóyá wọn ì bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, bóyá wọn ì bá yìnbọn.

Láìpẹ́ yìí ni mo tó bi ìyá mi léèrè ìdí tí kò fi di Ìyá Aláṣọ mú lọ́jọ́ eré náà, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n jókòó sí.

"Mo ti dì í mú rí," ló wí. "Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọmọ rẹ̀, ó fẹ́ sáré jáde lọ kúnlẹ̀ fún wọn. Èmi ni mo fi gbogbo agbára dì í mú lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi lọ. Wọn ì bá pa òun náà. Lọ́jọ́ eré yín, mo tún ti di aṣọ rẹ̀ mú. Ìgbà tí mo wò ó pé ọmọ tèmi ló mú ìbọn lọ́tẹ̀ yìí, mo jọ̀wọ́ rẹ̀."