Ọjọ́ Tí Amudan Ò Gbọdọ̀ Dìde

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ kiríkẹ́ẹ̀tì lónìí. Ti Amudan tí ẹ ní kí n sọ, màá sọ ọ́, àmọ́ mi ò ní sọ ọ́ bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń sọ ọ́, tí wọ́n fi ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì. Ìṣojú mi ló ṣe. Ọwọ́ mi náà sì wà níbẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Aravamudan, ọmọ Tíṣà Rangachari. Ògiri kan ló pín ilé wọn àti tiwa ní Triplicane, nílùú Madras. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́tà ló ń yà sọ́tọ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò, ó sì ṣe é fún ọdún mọ́kànlélógún láì pẹ́ dé ibiṣẹ́ lọ́jọ́ kan rí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí o bá bú u, á ní kò burú. Èmi tí inú máa ń tètè bí, òun nìkan ló lè bá mi jókòó láti ọ̀sán dalẹ́ tí a ò ní jà.

Bàbá rẹ̀ ló le. Tíṣà kọ́ gbogbo wa ní ìṣirò, ó kọ́ wa ní kiríkẹ́ẹ̀tì, pàṣán kan náà ló sì fi kọ́ wa ní méjèèjì. Òun ló fi òfin àdúgbò wa lélẹ̀: bí a bá ń gbọ́ eré orílẹ̀-èdè wa lórí rédíò, tó ti ku àwọn méjì tó kẹ́yìn tó ń di igi mú fún wa, tí kò sí ẹlòmíì lẹ́yìn wọn mọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà, kó má bàa lé oríire wa lọ. Bó o bá jókòó, o jókòó nìyẹn. Bó o bá wà ní ìdúró, dúró. Lọ́dún kan, Naidu oníkọfí dìde lọ tutọ́, wọ́n sì lé ẹni tó kẹ́yìn jáde lójú ẹsẹ̀. Odidi oṣù méjì ni Tíṣà ò fi bá Naidu sọ̀rọ̀, kò sì ra kọfí rẹ̀. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Ládùúgbò wa nígbà náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó ti tó oṣù mẹ́rin tí Tíṣà ti wà lórí àìsàn. Kíndìnrín ló ń dà á láàmú, àwọn dókítà sì ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí bàbá náà ń fẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ó lọ sí Kasi, ìlú mímọ́ wa, ó bu omi odò Ganga tí a kà sí mímọ́ sínú ìkòkò bàbà kékeré kan, wọ́n sì lẹ ẹnu rẹ̀ pa fún un. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọkùnrin ni í kán omi yìí sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu kí ẹ̀mí tó bọ́. Amudan nìkan sì ni Tíṣà bí. Lójú mi báyìí ni bàbá náà di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Ọwọ́ rẹ ni kí n ti mu ún," ó ní. "Má jẹ́ kí ẹlòmíì bá ọ ṣe é."

Amudan ní òun gbọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, orí ẹní ló sì ń sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àwọn Ọsirélíà wá bá wa gbá eré ọlọ́jọ́ márùn-ún ní pápá ńlá tó wà lẹ́bàá òkun. Ibẹ̀ ò jìnnà sí wa. Bí èrò bá hó níbẹ̀, etí wa á gbọ́ ọ. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, Tíṣà ní kí wọ́n gbé rédíò sórí pèpéle iwájú ilé, lábẹ́ fèrèsé òun, kí òun lè máa fetí sí i. Bí gbogbo wa ṣe kóra jọ síbẹ̀ nìyẹn. Amudan ń wọlé, ó ń jáde, ó ń sọ fún bàbá rẹ̀ ibi tí eré dé.

Ká sòótọ́, eré náà ti bọ́ lọ́wọ́ wa láti ọ̀sán. Ó lé ní igba ìsáré tí wọ́n ní ká sá ká tó borí, àwọn èèyàn wa kàn ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé ni. Nígbà tó kọjá aago mẹ́rin díẹ̀, wọ́n lé ẹnì kẹsàn-án jáde. Ìsáré mẹ́rìndínlógún ló kù. Ẹni tó sì wá wọlé kẹ́yìn, bọ́ọ̀lù ló mọ̀ ọ́n sọ, kò mọ igi í dì mú rárá. Amudan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wá mu kọfí ni. Ó ti jókòó tì mí, ife wà lọ́wọ́ rẹ̀, òfin sì ká gbogbo wa mọ́bẹ̀. Bàtà ni Naidu ń wọ̀ lọ́wọ́, ló bá wà lórí ẹsẹ̀ kan bíi lékeléke.

Àwọn méjì náà ń rá pálá. Ìsáré kan níbí, méjì lọ́hùn-ún. Ó ku mọ́kànlá nígbà tí Vedavalli, ìyàwó Amudan, pè é láti inú ilé pé mímí bàbá ti yàtọ̀. Amudan fẹ́ dìde. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: ó fẹ́ dìde. Èmi ni mo gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jókòó jẹ́ẹ́," mo ní. "Bó o bá dìde, bàbá fúnra wọn ò ní dárí jì ẹ́."

Ó wojú mi, ó sì jókòó padà. Oore tí mo ṣe fún un nìyẹn.

Ó ku márùn-ún nígbà tí Vedavalli tún pè é, láti ojú fèrèsé lọ́tẹ̀ yìí. Kò pariwo, orúkọ ọmọ wọn ló fi pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Kothai, ẹ dákun. Ojú wọn ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

Amudan dáhùn pé òun ń bọ̀, pé ó ku bọ́ọ̀lù díẹ̀. Kọfí dà sí i lára, kò sì nù ún, torí pé ẹni tó bá nù ún ti mira. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Òmùgọ̀ bíi tèmi, mo tún fún un mọ́wọ́ ni.

Wọ́n sá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Pápá hó, gbogbo òpópónà hó. Ó wá ku méjì. Ẹni tó ń ròyìn lórí rédíò ní wọ́n ti fẹ́ sọ bọ́ọ̀lù tó kàn. Ìgbà náà ni Vedavalli ṣílẹ̀kùn, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

A ò tíì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rédíò tí a fi mọ̀. Pápá kàn dákẹ́ ni. Bọ́ọ̀lù ti wó àwọn igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọmọ wa, wọ́n ti lé e jáde. Ìsáré kan péré ni wọ́n fi jù wá lọ.

Naidu sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó na ìka sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní obìnrin yìí ló ṣílẹ̀kùn, òun ló ba eré jẹ́. Mo fẹ́ parọ́ fún yín pé mo bá Naidu wí. Ohun tó wà lọ́kàn èmi náà nìyẹn, Ọlọ́run ń gbọ́. Amudan, tí kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀, yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó sì pariwo.

"Ṣé o ò lè dúró síbi tó o wà ni?"

"Bàbá ti lọ," ni Vedavalli wí. "Mo pè yín títí."

Ife bọ́ lọ́wọ́ Amudan. Ó sáré wọlé, mo tẹ̀ lé e. Ó fa ìkòkò bàbà náà yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èékánná rẹ̀ ò lè ṣí i, ló bá fi eyín já ohun tí wọ́n fi lẹ ẹnu rẹ̀. Ó gbé orí bàbá rẹ̀ lé itan, ó kán omi náà sí i lẹ́nu. Omi náà ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde. Ó tún kán òmíràn, ó tún jáde. Vedavalli ní ó ti tó, kò gbọ́, ó ń kán an lọ títí ìrọ̀rí fi tutù, tí ìkòkò sì gbẹ.

Ó wá gbójú sókè wò mí.

"Sarangan, wọn ò gbé e mì."

Èmi tí mo ní kó jókòó, mo gba ìkòkò tó ti gbẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀.