Ìgò Tó Sùn Nínú Fírísà Mùínàt

Ẹ má bá mi pe Adékọ́lá ní ọ̀lẹ o. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e dé Ibereko láyé àwọn ológun, nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní Sápù fún ará ìlú lọ́rùn débi pé àwọn ọ̀gá gan-an ń wọ bàtà oníhò lọ síbi iṣẹ́. Àyẹ̀wò ẹja òsìn niṣẹ́ rẹ̀.

Ìgò kékeré kan ló gbójú lé. Omi inú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní áńtíbọ́dì, ara ẹ̀jẹ̀ ehoro ni wọ́n ti yọ ọ́ lókè òkun. Bí àrùn bá wà lára ẹja, omi yìí á rọ̀ mọ́ ọn, àwọ̀ á sì yí padà. Bí àwọ̀ ò bá yí, ara ẹja le. Owó àtira òmíràn ò sí, nítorí náà Adékọ́lá ń ṣọ́ ọ lò bí epo ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Inú òtútù ló yẹ kí ìgò náà máa wà. Nígbà tí iná lọ tí kò dé mọ́, ó gbé e fún Mùínàt tó ń ta ẹja inú yìnyín létí títì, tó ní fírísà àti jẹnẹrétọ̀. Mùínàt ní ohun tó bá ti dì kì í bàjẹ́. Ta ni yóò bá a jiyàn, nígbà tí ẹja rẹ̀ kì í rùn? Àṣé ó máa ń pa jẹnẹrétọ̀ bí ọjà bá ti kúrò nílẹ̀. Ìgò ń dì, ó ń yọ́, ó tún ń dì, agbára inú rẹ̀ sì ń tán.

Ìgbà yẹn ni Dosu, Ègùn kan láti Gbaji, gbé ọmọ ẹja wá. Díẹ̀ nínú wọn ń pòòyì lójú omi. Nílé wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọmọ ẹja ló ń pín in fún ẹbí, àwọn àbúrò rẹ̀ ní Imeke sì ti gbẹ́ adágún sílẹ̀ dè é. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kóun pín in.

Ó yẹ kí Adékọ́lá kọ́kọ́ kán omi náà sára ẹja tó mọ̀ pé ó lárùn, kó lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó wo ìwọ̀nba tó kù, ó ṣahun, ẹja Dosu nìkan ló kán an sí. Àwọ̀ kò yí. Ó ní kí Dosu lọ pín ẹja rẹ̀.

Kí oṣù tó parí, òkú ẹja ti bo adágún Dosu àti gbogbo ti Imeke. Adékọ́lá wá ṣe ohun tó yẹ kó ti ṣe: ó kán omi náà sára ẹja olóòkùnrùn. Àwọ̀ kò yí. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ó lọ sí Gbaji, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Dosu gbé àga fún un, kò bá a jà. Ó ní àwọn àbúrò òun ò gba nǹkan lọ́wọ́ òun mọ́.

"Ọ̀gá, èmi bi yín léèrè ni," ó ní. "Ká ní ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ni, à bá dúró."

Ó dun Adékọ́lá wọra, ì bá sàn kí wọ́n nà án. Dosu dí adágún rẹ̀, ó gbin ẹ̀gẹ́ sórí ẹ̀.

Títí Adékọ́lá fi fẹ̀yìn tì, bí èèyàn bá bi í bóyá òjò á rọ̀, á ní òun ò mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ò mọ ọkùnrin tó yẹ kó ti sọ pé òun ò mọ̀ fún.