A Lọ Kí Onílé Kí Gbàǹjo Tó Dé

Ọdún mọ́kàndínlógún ni èmi àti ìyàwó mi fi gbé ilé ẹni ẹlẹ́ni ní ọ̀nà Addo. Nígbà tí onílé wá kọ̀wé sí wa pé òun fẹ́ sọ ilé òun di ṣọ́ọ̀bù, oṣù mẹ́fà péré ló fún wa. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń wá ilé kiri láti Ajah títí dé Eleko, á mọ̀ pé kì í ṣe orúnkún nìkan ló ń dun èèyàn. A wá a tì. Èyí tí agbára wa ká, inú ẹrẹ̀ ló wà. Èyí tí kò sí nínú ẹrẹ̀, ìdílé mẹ́ta ló ń jà sí ilẹ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ti lọ báyẹn.

Lọ́yà wa ló mú ọ̀rọ̀ gbàǹjo wá. Ọmọbìnrin kan ni, mo kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà nígbà kan. Ó ní báǹkì kan ti gbẹ́sẹ̀ lé ilé oníyàrá mẹ́rin kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ Abraham Adésànyà, wọ́n á sì lù ú ní gbàǹjo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. A ò ra nǹkan ní gbàǹjo rí, àfi àwọn àga ilé ìwé tó ti ya.

"Sà, ìwé rẹ̀ mọ́. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba. Ẹ lọ wò ó láti ìta. Ẹ wo òrùlé, ẹ wo gọ́tà, ẹ wo ògiri bóyá ó ti sán. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọlé o. Onílé ṣì ń gbé ibẹ̀."

"Tí mi ò bá wọlé, kí ni mo wá wò?"

"Sà, mo mọ̀ yín. Ẹ má lọ kí ẹnikẹ́ni."

A lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. A dúró níwájú géètì, à ń na ọrùn bí ògòǹgò. Òrùlé dáa. Ògiri ò sán. Ìyàwó mi ń ka fèrèsé lọ́wọ́ ni bàbá arúgbó kan yọ sí fáráńdà, ó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ojú wa pàdé.

Ẹ sọ fún mi, kí ni ẹni tí wọ́n kọ́ nílé máa ṣe nígbà tí àgbàlagbà bá yọ sí i? Ìyàwó mi ti kúnlẹ̀ sórí yanrìn kí n tó rántí lọ́yà. Èmi náà ti tẹ̀ ba.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú iṣẹ́ ilé."

"Ẹ káàsán o. Ilé lẹ wá wò?"

Irọ́ ò ṣeé pa. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú."

"Ẹ̀yin ni ẹnì kẹrin. Àwọn tó ṣáájú yín, inú mọ́tò ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń fi fóònù ya ilé mi bí ẹni ń ya òkú àbùùbùtán tí òkun gbé jù sí etí omi. Ẹnì kan ò kí mi. Ẹ wọlé, ẹ wá mumi."

Ibẹ̀ ni àṣìṣe wa wà.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé omi wá. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, òun nìkan ló kù nínú yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní òun fi ilé dúró fún ọmọ òun ní báǹkì, okòwò ọmọ sì dẹnu kọlẹ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ò sì tọpinpin. Ó bi wá léèrè ibi tí à ń gbé, mo bá sọ ọ̀rọ̀ ìwé onílé wa fún un.

"Oṣù mélòó ló kù?"

"Oṣù méjì, sà."

"Ó kéré."

Mo rò pé yóò sìn wá jáde lẹ́yìn ìyẹn. Ńṣe ló dìde, ó ń mú wa kiri ilé bí ẹni ń fi ilé han ayálégbé tuntun.

"Ilẹ̀kùn yìí, ẹ má fipá tì í. Ẹ gbé e sókè díẹ̀ kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Kànga ẹ̀rọ yìí, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ máa tàn án, tó bá ti di ọ̀sán, iná ò ní lágbára tó o. Tó bá di ìgbà òjò, àgbàrá máa ń gun àtẹ̀gùn yìí dé ìkejì. Kò dé ìkẹta rí. Báǹkì ti rán ẹnì kan wá fi ọ̀dà bo àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ti sọ fún yín."

Ìyàwó mi ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ṣẹ́jú sí i kó fi bírò rẹ̀ pamọ́, ó ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Nígbà tí à ń padà, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Omi ò dé ìkẹta. A lè gbé e."

"Bàbá yẹn ńkọ́?"

"Dádì, bàbá yẹn ti pàdánù ilé kí a tó mọ̀ pé ó wà láyé. Tí a ò bá rà á, àwọn onífóònù á rà á."

"Mo ti mu omi rẹ̀."

"Èmi náà mu ún. Òùngbẹ ló ń gbẹ mí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mi ò mọ bí mo ṣe là á já. A forúkọ sílẹ̀. A ta mọ́tò, a ta ilẹ̀ kékeré tí mo jogún nílé. Ìwé yìí ní ká buwọ́ lù ú, òmíràn ní ká tún un kọ. Lọ́yà kọ́ wa bí a ṣe máa jókòó, pé ká má kọ́kọ́ nawọ́, pé láti ilé ni ká ti fẹnu kò sí iye tí owó wa máa dé, ká má ré kọjá rẹ̀. Kò bá mi wí nípa bàbá. Ó kàn ní, "Mo sọ fún yín, sà," ó sì ń bá ìwé rẹ̀ lọ.

Gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Lekki ni wọ́n ti lù ú. Wọ́n fún mi ní páálí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ọkùnrin tó ń lu gbàǹjo ka ilé náà síta bí ìgbà tí mo máa ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì: yàrá mẹ́rin, kànga ẹ̀rọ, ilẹ̀ gbígbẹ. Iye tó fi bẹ̀rẹ̀ ò tíì dé ìdajì ibi tí a fẹnu kò sí. Ẹnì kan nawọ́. Ẹlòmíràn nawọ́. Mo ní kí ọwọ́ mi gbéra. Kò gbéra. Orí itan mi ló wà, ó wúwo bí ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Dádì, ẹ gbé e."

"Mò ń gbé e bọ̀."

"Ìgbà wo? Nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ àga mọ́?"

Ó já páálí náà gbà lọ́wọ́ mi, ó nà án sókè. Wọ́n fi kún un, ó tún nà án. Wọ́n tún fi kún un. Nígbà tó ku díẹ̀ kí a dé òpin tiwa, ẹni tó ń bá wa dù ú mi orí, ó sì jókòó. Òòlù kan tábìlì. Àwọn èèyàn ń sọ pé ẹ kú oríire, ẹ ó gbé e pẹ́. Mò ń dáhùn àmín, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí bí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn dé láti Ẹ̀pẹ́.

Lọ́yà ní ọjọ́ Ajé ni òun yóò kọ lẹ́tà sí bàbá. Mo ní kò dáa kí lẹ́tà ṣáájú wa débẹ̀. A wọ kẹ̀kẹ́ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ gbàǹjo náà gan-an. Bí a ti dúró ní géètì, mò ń wá ohun tí n ó fi kí i. Èdè wa ní kíkí fún òjò, ó ní fún oòrùn, ó ní fún ìjókòó lásán. N kò rí èyí tó yẹ ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé mọ́ lórí.

Bàbá ṣí géètì. Ó wo ojú mi, ó wo ojú ìyàwó mi.

"Ẹ̀yin ni?"

"Àwa ni, sà."

Ó ń wo kẹ̀kẹ́ tó gbé wa wá títí ó fi yí padà lọ.

"Ìwé onílé yín yẹn, mélòó ló kù?"

Ìyàwó mi ló dáhùn, ilẹ̀ ló ń wò. "Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, sà."

Ó fi àtàǹpàkò ka àwọn ìka rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ó tó mi kó ẹrù mi," ló wí, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a lè kọjá.

Ìyàwó mi wọlé. Èmi dúró níta fúngbà díẹ̀.