Ọjọ́ tí Bàbá Wa Gun Òkè Lásán

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ẹni tí í gun òkè lásán lágbègbè wa. Bí o bá rí ènìyàn lórí òkè, yálà ewúrẹ́ rẹ̀ ló sọnù, tàbí igi ìdáná ló ń wá, tàbí ó ń bẹ Ọlọ́run fún ọmọ. Ẹni tí kò bá sí nínú mẹ́ta yìí, ará ilé rẹ̀ là ń káàánú. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ mọ̀ pé mi ò purọ́.

Bàbá mi ló fẹ́ yí àṣà yìí padà. Ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn kan ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, òyìnbó sì ni ọ̀gá wọn. Ìgbàkígbà tí òyìnbó yìí bá lọ lo lífù ní ìlú rẹ̀, àwòrán ara rẹ̀ lórí òkè ló máa ń mú bọ̀: òun àti ìyàwó, òun àti ajá, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí ewúrẹ́ kankan níbẹ̀. Àwòrán yìí wọ bàbá mi lára. Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun, wọ́n kéde pé ìdílé wa náà yóò fi hólídè gun òkè.

Ìlú Ìrókò, lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, la ti máa ń lo hólídè gígùn. Hólídè ti Màmá ni pé kí èmi àti Kọ́lá ẹ̀gbọ́n mi pọnmi kí oòrùn tó yọ, kí a bó ẹ̀gúsí, kí a sì gba ìgbátí lórí èyí tí a bá jẹ ní tútù. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ gbígbóná wọn, pẹ̀lú àkàrà tí epo ṣì ń hó lára rẹ̀, tó ohun tí ènìyàn ń gba ìgbátí fún. Aládùúrà pọ́ńbélé ni Màmá. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìdájí, àwọn ewúrẹ́ pàápàá á dìde dúró.

Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín Màmá àti bàbá mi tí kò tán. Nígbà tí bàbá mi wà lọ́mọ ọwọ́, àìsàn kan fẹ́ mú wọn lọ. Màmá bá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ọmọ yìí bá yè, tó sì di ọkùnrin, àwọn yóò mú un gun òkè àdúrà tó wà lẹ́yìn ìlú, yóò kúnlẹ̀ níbẹ̀, àwọn yóò sì dúpẹ́ lórí rẹ̀. Ọmọ yè, ó di ọkùnrin, ó kàwé, ó kọ̀ kò lọ. Bàbá mi ní ẹ̀jẹ́ tí wọn ò bá òun sọ kò kan òun. Màmá á ní, “Dúrójayé, bí mo bá kú láìsan ẹ̀jẹ́ yìí, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Ọlọ́run?” Omi á lé sójú wọn. Bàbá mi á sì gbé ìwé ìròyìn bojú.

Ẹ ò rí nǹkan? Òkè kan ṣoṣo tó ṣe é gùn nítòsí Ìrókò, òkè àdúrà yẹn náà ni. Nígbà tí bàbá mi sọ fún Màmá pé àwọn fẹ́ gùn ún, wọ́n yára fi kún un pé, “Hólídè ni o, Màmá. Mi ò bá àdúrà wá.” Màmá ní, “Mo gbọ́.” Ọmọ tí kò bá mọ Màmá ni yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi jáde nínú ṣòkòtò kúkúrú kakí, ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún, bàtà aláwọ ńlá, àti ọ̀pá lọ́wọ́. Ìyá mi gbé ìrẹsì àti adìyẹ díndín lé èmi àti Kọ́lá lórí. Màmá wọ aṣọ funfun wọn, wọn ò wọ bàtà. Ìrì rẹ wá dé ìbàdí, wèrèpè yún wa lẹ́sẹ̀, bàbá mi sì ń pariwo pé, “Ẹ mí sínú! Ọ̀fẹ́ ni afẹ́fẹ́ yìí!” Àwọn àgbẹ̀ tí a bá pàdé ń kí wa pé, “Ẹ kú ìrìn o. Kí ló sọnù?” Bàbá mi á ní kò sí. Wọ́n á wò wá títí a ó fi yí kọ́nà.

Nígbà tí a dé orí òkè, a bá àwọn aládùúrà tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀ níbẹ̀. Wòlíì wọn, ọkùnrin gíga kan tó gbẹ bí igi, gbé agogo dání wá pàdé wa.

“Ẹ káàbọ̀, arákùnrin. Kí lẹ wá gbà?”

“Kò sí.”

“Ta lẹ wá bẹ Ọlọ́run fún?”

“Kò sí. Mo kàn wá gun òkè ni.”

“Bí ẹ bá wá gùn ún tán ńkọ́?”

“N ó sọ̀kalẹ̀.”

Wòlíì wo ṣòkòtò kúkúrú, ó wo ìbọ̀sẹ̀, ó wo ọ̀pá. Ẹ sì mọ̀ pé lásìkò yẹn, orí òkè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú lọ. Ó yíjú sí Màmá tàánútàánú.

“Màmá, ó ti tó ìgbà wo tó ti bẹ̀rẹ̀?”

Màmá wo ojú ọ̀run. Wọ́n wo ọmọ wọn.

“Ó ti pẹ́, Wòlíì,” ni wọ́n wí. “Láti ìgbà tó ti ń bá òyìnbó ṣiṣẹ́ ni.”

Kí bàbá mi tó lanu, àwọn géńdé ti dì wọ́n mú. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n bọ́ ìbọ̀sẹ̀, òórùn sì lé géńdé kan sẹ́yìn. Wọ́n da omi lé wọn lórí, agogo ń dún. Ohun tó wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni pé bàbá mi fi Gẹ̀ẹ́sì bínú. “Ó ti ń fọhùn!” ni Wòlíì ké, “Ẹ má fi í sílẹ̀!” Wọ́n mú bàbá mi kúnlẹ̀ tipátipá. Ìyá mi kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni, àfìgbà tí mo rí eyín wọn. Èmi àti Kọ́lá gbé abọ́ ìrẹsì àti ti adìyẹ lọ sẹ́yìn àpáta, torí a ò mọ ìgbà tí ìdáǹdè máa parí.

Màmá bá lọ kúnlẹ̀ ti bàbá mi. Wọn ò pariwo bí ìṣe wọn. Wọ́n ní, “Ọlọ́run, ìwọ lo mọ ibi tí Àyọ̀ká mi wà. Ìwọ lo mọ ibi tí Málọmọ́ wà. Ìwọ lo mọ ibi tí Kòsọ́kọ́ wà. Mi ò bi ọ́ léèrè. Eléyìí dúró. Mo mú un wá kí o rí i. O ṣeun.”

N kò gbọ́ orúkọ wọ̀nyẹn rí nínú ilé wa. Bàbá mi ò jà mọ́. Wòlíì ṣẹ́wọ́, àwọn géńdé sì fi wọ́n sílẹ̀. Gbogbo wa rò pé wọ́n á fò dìde. Wọn ò dìde. Wọ́n kúnlẹ̀ síbẹ̀ lẹ́sẹ̀ lásán lórí àpáta gbígbóná, wọ́n sì dì mọ́ Màmá. Ẹkún bọ́ lójú tèmi náà, pẹ̀lú itan adìyẹ lẹ́nu mi. Kọ́lá ní ata ni.

Wòlíì kéde pé ara bàbá mi ti dá. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, Màmá ló ṣíwájú, wọ́n ń rìn bí ọmọge.

“Màmá, ẹ pè mí ní wèrè,” ni bàbá mi wí.

“Èmi kọ́. Wọ́n bi mí, mo dáhùn.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi ṣí abọ́ adìyẹ, wọ́n bá eegun nìkan níbẹ̀, èmi àti Kọ́lá náà sì kúnlẹ̀, a nawọ́ sókè, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ́.

Lóde òní, gígun òkè lásán ti di ọ̀làjú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi tó wà lókè òkun fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù mi: òun nìkan lórí òkè, nínú ṣòkòtò kúkúrú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo pè é, mo bi í pé kí ló lọ gbà níbẹ̀. Ó ní, “Kò sí, Mọ́mì. Mo kàn gùn ún ni.” Kò sí ẹni tó pè é ní wèrè. Gbogbo ẹbí ló ń kí i pé ó káre. Èmi tún àwòrán náà wò, bóyá mo lè rí ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń bá a dúpẹ́. Òkúta nìkan ni. Mo bá kúnlẹ̀ sí pálọ̀ mi, mo dárúkọ rẹ̀ fún Ọlọ́run. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n tètè dìde, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́.