Wọ́n ra gìtá béèsì mi, ó ṣì wà nílé mi

Wọ́n ra gìtá béèsì mi lónìí, àmọ́ kò kúrò nílé mi.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń bá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣeré ló wá rà á ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Wọ́n dán an wò, wọ́n sanwó. Mo gbé e fún wọn.

"Bá mi tọ́jú ẹ̀. Tí mo bá lóde, màá wá gbé e."

"Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n?"

"Tí wọ́n bá fi lè mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mo ní tèmi, ó ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn."

"Ẹ gbé e pamọ́ sílé yín."

"Ìyàwó mi ni olórí akọrin."

Torí kí pálọ̀ mi lè láyè ni mo ṣe tà á o. Ẹ̀yin onígìtá, tí òde bá yọ lọ́la, ṣé kí n tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ wọn ni, àbí kí n kàn gbé e?