Kóòbì Nínú Ọbẹ̀ Ẹni Tó Ń Dúró De Ọkàn Tuntun

Àárín orin ni èémí ti já mọ́ mi lẹ́nu, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Dansoman, ní Accra. Mo jókòó, àyà mi ń lù kì-kì-kì, ẹsẹ̀ mi sì ti wú, bàtà ò gbà á mọ́. Bísí, ìyàwó àbúrò mi, tẹ̀ sí mi létí.

“Àǹtí mi, ẹ fi ohùn òkè sílẹ̀ fáwọn ọmọdé.”

Ní ọsibítù, wọ́n fi ẹ̀rọ wo àyà mi. Iṣan ọkàn mi ti rẹ̀, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ yí ara ká mọ́, ni omi ṣe ń gbá jọ sí ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Pípààrọ̀ ọkàn ló kù: kí wọ́n yọ tèmi, kí wọ́n fi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú rọ́pò rẹ̀. Wọn kì í ṣe é ní Accra. Ọsibítù kan ní Íńdíà gbà mí mọ́ àwọn tó ń dúró, bí omi ara mi bá lè fà tó kí n wọ ọkọ̀ òfurufú. Oògùn tó ń mú ni tọ̀ àti oúnjẹ aláìníyọ̀ ni ẹ̀mí mi rọ̀ mọ́.

Síbẹ̀ mò ń wú. Ìjókòó ni mo ń sùn. Lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, àwọn tí a jọ ń dúró ń dín kù, a kì í sì í béèrè ibi tí wọ́n lọ.

“Màmá, ẹ ń jẹ iyọ̀,” ni dókítà wí. Mo búra. Ó wò mí bí òpùrọ́.

Bísí ló ń dáná fún mi nínú ilé bàbá wa tí a jọ ń gbé. Oògùn ti ba ẹnu mi jẹ́, gbogbo nǹkan ló ń korò, mi ò mọ adùn mọ́. Mo rọra wọ́ dé ilé ìdáná, mo ṣí ìkòkò. Kóòbì ló kún ibẹ̀, ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ.

“Mi ò fi iyọ̀ sí i, Àǹtí mi, bí ẹ ṣe wí. Ẹja ni.”

“Kí ni wọ́n fi rẹ ẹja náà?”

“Ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó ń kú lọ là ń fún ní ọbẹ̀ tó tẹ́. Ṣé káyé ní mò ń febi pa ẹ̀gbọ́n ọkọ mi?”

Àbúrò mi, díákónì, dá sí i. “Ẹ̀gbọ́n mi, ìfẹ́ ló fi ṣe é.”

“Ìfẹ́ tó ń da omi sí mi lẹ́dọ̀fóró, ìwọ ni kó o máa lá a.”

Mo dá ààrò tèmi: tòmátì, ata, ẹja tútù. Ẹsẹ̀ mi tó wú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Nígbà tí wọ́n tún fi ẹ̀rọ wò mí, oògùn ti ń ran ọkàn náà lọ́wọ́. Dókítà ní ó ṣì lè bá mi lọ, wọ́n sì yọ mí kúrò lára àwọn tó ń dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń dúró, ẹ yẹ ìkòkò yín wò.

Ọkàn mi kò tún pé bíi ti àtijọ́. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn kékeré, mo gbọ́dọ̀ dúró mí. Bísí ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mi ò moore. Mo moore. Láràárọ̀, mo máa ń gbé ọwọ́ lé àyà mi, mo ń kí i, kó tó kan ẹnikẹ́ni nínú ilé náà.