Ìbúra Tí A Fi Du Ìyá Kékeré

Bí ẹ bá bi àwọn ará Basin ní Ìlọrin pé ta ni Abdulmuiz, wọn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dá yín lóhùn. Àbúrò mi ni. Bábà ni, ó ń gẹ irun fún àwọn ọmọ yunifásítì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ èyí tí mo ti ń ránṣọ. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló dá wa sí méjì, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ tó sọ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn tí etí mi ò gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ pa èmi náà lẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́.

Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni ètò orí tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Ilé Gíláàsì. Wọ́n á kó ọ̀dọ́ méjìlá sínú ilé kan, kámẹ́rà á máa ṣọ́ wọn bí wọ́n ti ń jẹun, bí wọ́n ti ń jà, bí wọ́n ti ń sùn, àwọn ará ìta á sì máa dìbò lé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ò rí adùn kankan níbẹ̀. Ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe ló máa jókòó wo ẹni tó ń sùn. Ṣùgbọ́n bí Abdulmuiz bá mú ẹ̀rọ ìgẹrun lọ́wọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sín àwọn ará ilé náà jẹ, ẹni tó wá gẹ irun ìṣẹ́jú mẹ́wàá á lo wákàtí méjì. Ó mọ ohùn gbogbo wọn. Ó mọ èyí tó ń sunkún ẹ̀tàn, ó mọ èyí tó ń gbàdúrà nítorí kámẹ́rà.

Nílé tiwa, a kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn Ọjà-Ọba ni wọ́n bí wa sí, ìdílé àáfà ni wá. Bàbá wa ní ilé-kéú, bàbá tó bí i náà ní in. Ohun tó níyì jù nínú agboolé wa ni Kùránì kan tí bàbá ńlá wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Inú àpò awọ pupa ló ń gbé, a kì í sì ṣí i àfi nínú oṣù ààwẹ̀ tí Bàbá bá ń ṣe wáàsí. Ó tún ní iṣẹ́ kejì. Bí nǹkan bá sọnù, tí wọ́n bá fura sí ẹnì kan, wọ́n á ní kó ṣe àlùwàlá, kó gbé ọwọ́ lé Kùránì náà, kó búra. Bó bá ti búra, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tú u wò mọ́. Mo rí i tí wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, mo rí i tí wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ òrùka wúrà.

Ọdún kan tí Iléyá ń bọ̀ ni Abdulmuiz bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn. Láti àárọ̀ dé alẹ́ ló ń gẹ irun, ẹsẹ̀ ń dùn ún, oníbàárà kan sì fún un ní tírámádólù pé kó fi dúró. Ó dúró lóòótọ́. Nígbà tí Iléyá kọjá ó ṣì ń fi dúró, ẹyọ kan ti di mẹ́rin lójúmọ́, ó sì ti ń mu omi ikọ́ oníkódíìnì lé e. Ó ta fáànù rẹ̀, ó ta bàtà, ó ta fóònù ìyá tó bí wa. Gbogbo wa mọ̀, a ò sọ. Wọ́n kọ́ wa pé kí a bo àṣírí ẹlòmíràn kí Ọlọ́run lè bo tiwa, a sì ń bò ó lọ títí tó fi bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹni kan ṣoṣo tí kò fi bíbò nìkan ṣe é, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú Abdulmuiz, ni Ìyá Kékeré. Ìyàwó kejì Bàbá ni, Àbẹ̀ní ni Bàbá máa ń pè é. Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan lẹ́yìn Òkè-Oyi, kò sì bímọ fún Bàbá. Bí Abdulmuiz bá bì sára, tí ìyá wa bá fi ìbínú ti ilẹ̀kùn, Ìyá Kékeré ló ń bọ́ aṣọ lára rẹ̀, òun ló ń fọ ilẹ̀.

Ọdún keje rèé tí àpò awọ pupa náà sọnù. Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá ní kí wọ́n gbé Kùránì wá, wọn ò rí i. Yàrá Ìyá Kékeré ló wà lọ́dún yẹn. Àwọn mọ̀lẹ́bí pé jọ. Ìyá Kékeré ní òun ò mú un, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun búra. Wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ búra lé. Èyí tí a fi ń búra ló sọnù. Ó sáré wọlé, ó gbé Kùránì kékeré aláwọ̀ ewéko kan jáde, èyí tí wọ́n fún un lọ́jọ́ wọ́límọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà wò ó, wọ́n ní èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n ń tà kiri ọjà, kì í ṣe èyí tí àwọn baba wa fi mọ olóòótọ́. Bàbá mi tó jẹ́ àáfà, tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kan náà ló wà nínú méjèèjì, wolẹ̀, kò fọhùn. Mi ò tíì rí ìwà òmùgọ̀ tó tó èyí lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé.

Kí n má fi tèmi pa mọ́. Wọ́n bi mí bóyá mo rí nǹkan, mo ní mo rí Ìyá Kékeré láàárọ̀ ọjọ́ kan tó fi ìró di ẹrù kan mọ́ra, tó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Òótọ́ ni mo sọ. Mo rí i. Mi ò béèrè ohun tó wà nínú ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi tí mo ń pè é ní ìyá. Kí ààwẹ̀ tó dé ìdajì, Bàbá kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Abdulmuiz wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó tilẹ̀ bá wọn gbé bẹ́ẹ̀dì.

Bàbá kú lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ìyá Kékeré wá sí àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n jẹ́ kó jókòó sí, mo sì gbé abọ́ oúnjẹ kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò kí i. Olè ni mo pè é nínú ọkàn mi.

Ikú Bàbá ló ta Abdulmuiz jí. Ó lọ bá àwọn kan tó ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé, àwọn tí oògùn tàbí ọtí ti bà láyé jẹ́ tí wọ́n fẹ́ jáwọ́. Aṣáájú wọn ń jẹ́ Àbdùlkàdírì, awakọ̀ àtijọ́ ní Ọ̀fà Garage, tó mutí títí tó fi pàdánù ọkọ̀ àti ìyàwó. Ìyà tó jẹ àbúrò mi kó tó jáwọ́ kì í ṣe kékeré. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn pákó tó ń gbọ̀n, tó ń sunkún, tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè di ẹ̀rọ ìgẹrun mú. Ó là á já. Ọdún mẹ́ta rèé tí kò fi ẹnu kan nǹkan kan, mo sì fún un lóríyìn fún ìyẹn, bí inú ṣe bí mi sí i tó.

Òfin kan wà lọ́dọ̀ àwọn ará Sátidé yẹn. Bí o bá ṣe ènìyàn níbi, ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún kí ẹnu rẹ tó dé ibòmíràn. Abdulmuiz ti jẹ́wọ́ fún Àbdùlkàdírì pé ẹnì kan wà lábúlé tí òun gbọ́dọ̀ lọ bá. Àbdùlkàdírì ní kó lọ. Abdulmuiz ní òjò ń rọ̀. Òjò dá, ó ní ọjà Iléyá ti dé. Iléyá lọ, ó ní kí òun ra aṣọ dání. Èmi ò mọ ẹni tí wọ́n ń sọ nígbà náà.

Ọláyíwọlá ló wá bà á jẹ́. Oníbàárà rẹ̀ ni, ọmọkùnrin kan tó ní ètò ẹ̀fẹ̀ tó ń gbé sórí fóònù, Ẹnu Kò Ní Ilẹ̀kùn ló pè é. Yàrá kan ni, àga méjì, maikirofóònù méjì, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ àwọn olórin, òṣèré àti àwọn ará Ilé Gíláàsì láìfi igbá bo nǹkan kan. Ó ní kí Abdulmuiz wá. Mo tan fóònù mi nínú ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì lọ. Fún bí ogún ìṣẹ́jú wọ́n pa mí lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Ọláyíwọlá bi í léèrè pé bó bá jẹ́ òun Abdulmuiz ni wọ́n kó sí Ilé Gíláàsì, tí kámẹ́rà ń wò ó láti ọjọ́ tó ti ń lo oògùn, kí ni ohun tí àwọn ará ìta á rí tí wọ́n á fi dìbò lé e jáde.

Abdulmuiz ní ọjọ́ kìíní ni wọn ì bá lé òun. Ó ní òun ta Kùránì bàbá ńlá òun fún ẹnì kan tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ, oògùn ọ̀sẹ̀ méjì ni òun fi owó rẹ̀ rà. Ẹ̀rín sọ. Ó ní ìyàwó bàbá òun ni wọ́n mú. Ẹ̀rín tún sọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun jẹ́rìí pé ó rí i tó di ẹrù, bẹ́ẹ̀ aṣọ tí òun Abdulmuiz bì sí ni obìnrin náà ń gbé lọ fọ̀ lódò kí Bàbá má bàa rí i. Ó wá gbé ohùn Ìyá Kékeré sí i, ohùn ará oko tó máa ń fa ọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ n búra o, ẹ jẹ́ n búra." Ó sín in jẹ dáadáa. Ẹ̀rín ya lulẹ̀ bíi pé ìdajì Ìlọrin jókòó sínú yàrá náà. Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí máṣíìnì.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìlú ti gbọ́. Àwọn oníbàárà ń ki Abdulmuiz pé òun ló sọ òótọ́ jù lọ láyé. Ó wọlé wá bá mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní ara òun ti fúyẹ́, ó ní ṣebí òótọ́ ni gbogbo ènìyàn ní kí òun sọ. Mo fi rúlà onígi gbá a léjìká, mo tún gbá a. Mo ń ro ẹ̀bi tèmi mọ́ tirẹ̀, kí n sọ bó ṣe rí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ta ló mọ̀ bóyá ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ á ṣì wà láyé?

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà Àbdùlkàdírì fúnra rẹ̀ wá. Kò pariwo. Ó wo àbúrò mi, ó ní, "O ti fi ẹnu lọ. Fi ẹsẹ̀ lọ báyìí."

Èmi àti Abdulmuiz dé abúlé Ìyá Kékeré ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ìyá Kékeré ń tan àgbàdo sílẹ̀ fún oòrùn. Ó ti gbó. Ó dá wa lóhùn sàlámù, ó ní kí Sakinah, ọmọ àbúrò rẹ̀, gbé omi fún wa. Abdulmuiz dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyẹ̀pẹ̀, èmi kúnlẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu pé kí Ìyá forí ji òun ni obìnrin náà na ọwọ́ sí i.

"Gbé fóònù rẹ jáde. Sakinah ti fi hàn mí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ọ níwájú rẹ."

Ó bẹ̀ ẹ́, Ìyá ò gbà. Abdulmuiz tan ètò náà. A jókòó síbẹ̀, àwa mẹ́ta, a gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí wọ́n sín jẹ, pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tó parí, Ìyá ní, "Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn pọ̀ o. Àwọn ta ni?"

Abdulmuiz ní kò sí ènìyàn, òun àti Ọláyíwọlá nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n ń tẹ̀, ẹ̀rọ ló ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rọ," ló wí. "Ohùn mi tí o gbé sẹ́nu ńkọ́? Ẹ̀rọ náà ni?"

"Èmi ni, Ìyá."

Ó dìde. Ó bu omi sínú kẹ́tùlù, ó ṣe àlùwàlá níwájú wa, kò kánjú. Ó wọlé, ó gbé Kùránì aláwọ̀ ewéko yẹn jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ó ti fi òwú gán an. Abdulmuiz tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Ìyá ní kó dákẹ́, kò tíì kan ìyẹn. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ìwé náà, ó sì fi orúkọ Ọlọ́run búra pé òun ò mú Kùránì agboolé wa, òun ò mọ ẹni tó mú un lọ́jọ́ tí wọ́n fi bi òun, àti pé láti ọjọ́ tí òun ti wọ ilé náà, òun ò mú abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tòun. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán, bó ṣe yẹ kó sọ ọ́ ní ọdún méje sẹ́yìn. Omi ń bọ́ lójú mi, mi ò nù ún.

"Ẹ ti gbà mí gbọ́?"

Àwa méjèèjì dáhùn pé a gbà á gbọ́.

"Bàbá yín ńkọ́?"

Ó fi ìbòrí rẹ̀ wé Kùránì náà, ó gbé e wọlé, ó sì padà sídìí àgbàdo rẹ̀.